Ilé Yìnyín Inú Igbó: Bí A Ṣe Lànà fún Omi Rẹ̀

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin

Òní ni wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ilé yìnyín tí a fẹ́ tún ṣe fún wa: kòtò oníbíríkì tí àwọn olówó àtijọ́ ń kó yìnyín ìgbà òtútù pamọ́ sí di ìgbà ooru. Láti oṣù Kọkànlá títí di òpin oṣù Kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé yìí, torí àwọn òòbẹ̀ ń sùn síbẹ̀ lásìkò òtútù. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1981 ló dáàbò bò wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá yọ wọ́n lẹ́nu, ilé ẹjọ́ ló ń lọ. Obìnrin tó ní ìwé àṣẹ láti máa yẹ̀ wọ́n wò ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó jáde tó ní gbogbo wọn ti lọ, ìgbà yẹn la tó gbé irinṣẹ́ wa.

Ìgbèríko Suffolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ibí yìí wà. Ilé ńlá àwọn olówó àtijọ́ kan ni, pápá tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀, adágún omi sì wà nísàlẹ̀ pápá náà. Lẹ́yìn adágún yìí, níbi tí igi ti ṣú, òkìtì kan wà tó jọ ọ̀gán tí koríko bò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú òkìtì yẹn ni ilé yìnyín wà.

Bíríkìlà ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọdún kọkànlá sì rèé tí mo ti ń ṣe é níbí. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ti ń tún ilé àtijọ́ ṣe kí n tó dé ìlú yìí, ló mú mi wá. Ọjọ́ Sátidé là ń wá, a kì í gbowó. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba ọ̀nà àbáwọlé náà kọjá, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sókè, ẹnu mi kò lè padé. Bíríkì ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, òbìrí lé òbìrí, kò sí igi kankan tó gbé e dúró, kò sí irin.

Ẹ fojú inú wo ẹyin kan tí wọ́n gbé nàró, tí apá ṣóńṣó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó fẹ̀ tó mítà 3 níbi tó ti fẹ̀ jù, ó sì jìn tó mítà 5 láti òkè dé ìdí. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Orí rẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n wá kó amọ̀ àti yẹ̀pẹ̀ lé e. Ọ̀nà àbáwọlé gùn tó mítà 3, àríwá ló kọjú sí, kí oòrùn má baà rí i. Férémù ìlẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, kí ẹni tó bá ń wọlé lè ti ti ìta kó tó ṣí ti inú.

Omi dúdú ló wà nísàlẹ̀. Mo ti igi bọ̀ ọ́, ó mù mí dé orúnkún, ẹrẹ̀ àti ewé tó ti jẹrà sì tún wà lábẹ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò dára. Lára ògiri, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ojú bíríkì ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Lókè, lápá òsì, ihò kan wà tó tó àwo oúnjẹ, gbòǹgbò igi sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin

Òjò kò jẹ́ ká ṣiṣẹ́. A jókòó sínú ọkọ̀, mo bi ẹ̀gbọ́n pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi gbogbo ìnira yìí ṣe.

Ó ní ọ̀dọ̀ ọba ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba James kìíní kọ́ tirẹ̀ sí Greenwich lọ́dún 1619. Nígbà tó fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí olówó tó ní ọgbà ńlá tí kò fẹ́ kí tirẹ̀ wà níbẹ̀. Tí òtútù bá mú, tí ojú adágún bá dì, àwọn òṣìṣẹ́ á fọ́ ọ, wọn á fi ìkọ́ fà á dé etí omi, kẹ̀kẹ́ ẹṣin á gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Wọn á tún fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọn á dà á sínú kòtò, wọn á máa fi igi gún un bí ẹni ń gún iyán títí á fi di odidi kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn máa ń wọ́n omi iyọ̀ lé e kó lè lẹ̀ pọ̀. Koríko ọkà gbígbẹ ni wọ́n fi ń yí i ká, òun náà ni wọ́n fi ń bò ó lórí. Bí ilé náà bá dára, yìnyín oṣù Kìíní á ṣì wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì lè bá yìnyín ọdún tó tẹ̀ lé e níbẹ̀.

Wọn kì í sábà jù ú sínú ife, torí omi adágún ni, ewé àti kòkòrò wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi í mú wáìnì tutù, wọ́n ń tẹ́ ẹja lé e, wọ́n sì ń pò ó mọ́ iyọ̀ yí ìkòkò wàrà ká kó lè di áísìkirimù. Iyọ̀ ló ń jẹ́ kí òtútù rẹ̀ wọlẹ̀ ju ti yìnyín lásán lọ.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àbúrò, má gbàgbé owó tí wọ́n fi ṣe é o." Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní Harewood, ní Yorkshire, owó ìrèké àti ẹrú ní erékùṣù Karíbíánì ni ìdílé Lascelles fi kọ́ ilé wọn, tí Lancelot Brown, ẹni tó ń ṣètò ọgbà fún àwọn olówó, sì wá gbẹ́ adágún sí i fún wọn. Nígbà tí yìnyín wá di ọjà, Frederic Tudor ní Boston kó ti Amẹ́ríkà lọ sí Martinique lọ́dún 1806. Ní nǹkan bí ọdún 1815 sí 1816, ó kọ́ ilé yìnyín sí Havana, ní Cuba, ní àsìkò tí wọ́n ń já àwọn ọmọ Yorùbá sí èbúté kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ọkọ̀ kan ń já yìnyín, ọkọ̀ kejì ń já ènìyàn. Mi ò lè máa tún bíríkì yìí tò kí n má rántí rẹ̀.

Ọjọ́ 23 àti 24, oṣù Kẹrin

Ọjọ́ ẹrẹ̀. A gbé pọ́ǹpù kékeré wá, ó fa omi fún bíi wákàtí méjì, ewé dí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó ku ẹrẹ̀ nìkan, ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ẹnì kejì ń fi okùn fa garawa sókè, ẹnì kẹta ń da ẹrẹ̀ sínú wílìbárò. A pààrọ̀ ara wa ní ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú, torí atẹ́gùn inú ibẹ̀ wúwo. Mo ka garawa dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mo dá a dúró.

Inú ẹrẹ̀ la ti rí àfọ́kù ìgò aláwọ̀ ewé, ìkọ́ irin kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán, àti ohun tó mú inú mi dùn jù: òrùka irin ńlá kan, pẹ̀lú igi tó ti rà mọ́ ọn lára. Mo rò pé irin àgbá ni. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ nu ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni. Wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti gbó sí ìdí irú kòtò báyìí, kí yìnyín jókòó lé e, kí omi tó bá yọ́ lè gba àárín igi rẹ̀ ṣàn lọ. Lábẹ́ òrùka yẹn gan-an ni ojú ihò omi wà, bíríkì mẹ́rin ló yí i ká. Ó dí pátápátá.

Ibẹ̀ ni mo ti lóye ilé náà. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ooru kò kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n yìnyín lágbára láti gbà á: ooru tó máa yọ́ kílò yìnyín kan tó èyí tó máa gbé kílò omi kan láti ìwọ̀n 0 dé ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tí òkìtì ńlá kì í fi í yọ́ kíákíá. Omi tí kò rọ́nà jáde ló ń ba ilé yìnyín jẹ́. Ó ń rin koríko, koríko tó bá ti mu omi kò lè dènà ooru mọ́. Ó ń rin bíríkì, òtútù ìta á wá dì í nínú bíríkì, omi tó bá sì dì ń wú tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni bíríkì ti ń fọ́.

Ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún

A ń wá ibi tí ihò náà ti jáde. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀, lápá adágún, torí wọn kò ní gbé ilé yìnyín sórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ báyìí láìnídìí. A fi irin gígùn gún ilẹ̀ láti etí omi wá sókè, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá iṣu. Ní nǹkan bí wákàtí kẹta, irin ẹ̀gbọ́n ró kéú lórí bíríkì. A walẹ̀, a bá ẹnu páìpù amọ̀ kan tí gbòǹgbò igi ti kún bí irun orí.

Gbòǹgbò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọjọ́. A ń so ọ̀pá mọ́ ọ̀pá, a ń tì í wọlé, a ń yí i, a ń fà á jáde pẹ̀lú ìdì gbòǹgbò. Nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ọ̀pá já sófo lójijì. Mo sáré gun òkè lọ sínú kòtò. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i: ó ń dún gbọ́lọ́-gbọ́lọ́-gbọ́lọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá da omi kúrò nínú akèrègbè. Omi tó ti tún jọ síbẹ̀ látọ̀sẹ̀ tó kọjá ń lọ. Ẹ̀gbọ́n wà nísàlẹ̀, ó ń pariwo, "Ó ti dé! Ó ti dé o!" Omi dúdú kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà omi pupa, nígbà tó yá ó mọ́.

Nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Páìpù náà kò lọ tààrà. Lábẹ́ kòtò, ó wọlẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè, kí omi díẹ̀ lè máa dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo. Bó ṣe wà lábẹ́ ṣáláńgá olómi òde òní náà nìyẹn. Omi tó dúró yẹn ni kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn gbígbóná gba páìpù wọlé bá yìnyín. Ẹni tó ṣe é kò fi iná mànàmáná ṣe ohunkóhun, kò ní ẹ̀rọ, ó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Oṣù Kẹfà

Ògiri ló kàn. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan ti fi sìmẹ́ńtì tún un ṣe. Ó ro ire, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bíríkì àtijọ́ rọ̀, ó ń mu omi, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi tú u jáde. Ibi tí mọ́tà ẹfun bá wà láàrin bíríkì, ibẹ̀ ni omi máa gbà jáde díẹ̀díẹ̀. Tí sìmẹ́ńtì bá dí ibẹ̀, bíríkì fúnra rẹ̀ ni omi á máa gbà, bíríkì ló sì máa fọ́. Níbi tí sìmẹ́ńtì wà gan-an ni èèpo ti ń ṣí. Bí ẹni fi ìlà yà á ni.

A fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù kékeré yọ ọ́, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi ẹ̀rọ ṣe, torí ẹ̀rọ á gé bíríkì pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, mọ́tà tuntun: ẹfun sísun kan, yanrìn ṣàkìṣàkì méjì àti ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ kó ṣàn. "Kó dà bí ẹ̀bà tó le díẹ̀," ló ń wí, "tí o bá dì í lọ́wọ́ kó dúró." A ti kọ́kọ́ wọ́n omi sára ògiri ká tó tì í wọ inú ìlà, a sì fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọjọ́ púpọ̀.

Èmi ni mo ba apá kan jẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, mo bò ó ní Sátidé, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni létí pé kó rin àpò náà láàrin ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé kejì, mo fi èékánná ra mọ́tà náà, ó dà sílẹ̀ bí gààrí. Mo yọ mítà kan àtààbọ̀ kúrò, mo tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ ọgbà kan ń bá wa wọ́n omi sí i láràárọ̀.

Ihò orí igbá ni mo bẹ̀rù jù. Kápẹ́ńtà kan tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ tẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ di ààbọ̀ ọrùn àmù, a fi gbé bíríkì ró láti abẹ́. Bíríkì àtijọ́ tí a ṣà nínú ẹrẹ̀ la lò, a fọ̀ wọ́n, a yan èyí tó ró dáadáa. Mo dá èyí tó kẹ́yìn dúró lọ́wọ́, mo tì í wọlé, ó fún, mo fi igi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A fi pákó náà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí a yọ ọ́, kò mì.

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án

Adágún. Ó tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta omi rẹ̀ tó ń sọnù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tó ti ń jò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn omi, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dá omi rẹ̀ dúró tàbí tú u sílẹ̀. Irú adágún báyìí, amọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ́ ìdí rẹ̀. Òun ni Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń di omi mú. Wọ́n á pò amọ̀ mọ́ omi, wọn á tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí atẹ́gùn nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn á da màlúù wọ inú rẹ̀ kó bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní ká wọ bàtà òjò ká sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ amọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n wo ara wa. Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí, ilé amọ̀ ni. Mo rántí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ pé amọ̀ tí a bá tẹ̀ lónìí, ká fi í sílẹ̀ kó sùn, ká tún tẹ̀ ẹ́ lọ́la. A sọ fún wọn, wọ́n gbà. A tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, a fi àpò tútù bò ó, a tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, a wá fi í dí ojú ibi tó ń jò ní ìpele mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ lásán ló mọ ibi tí amọ̀ ti le.

A kò jẹ́ kí wọ́n wa apá tó sún mọ́ ilé yìnyín jìn. Ibi tí kò jìn ni omi ti ń tètè dì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó yìnyín nígbà náà.

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá

A parí ohun tó jẹ mọ́ inú. A da amọ̀ àti yẹ̀pẹ̀ padà sórí igbá, a gbin koríko, a gé igi kéékèèké tí gbòǹgbò wọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n a dá àwọn igi ńlá tó ń ṣíji bò ó sí. Ẹnu ọ̀nà gba géètì irin tí ọ̀pá rẹ̀ dùbúlẹ̀, àlàfo mílímítà 150 láàrin ọ̀kan sí èkejì, kí òòbẹ̀ lè fò wọlé, kí ènìyàn má lè wọ̀ ọ́. A tì í. Ó di ìgbà ìrúwé.

Ọjọ́ 14, oṣù Kìíní

Ìrì dídì mú fún òru márùn-ún léra. Apá adágún tí kò jìn dì, yìnyín rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4. A dúró sí etí omi, ẹnikẹ́ni kò gun orí rẹ̀, a fi ìkọ́ fà á.

Nítorí àwọn òòbẹ̀, a kò lè kó o wọ ilé rẹ̀. Mo wá mú dúrọ́ọ̀mù oníke méjì, mo tẹ́ koríko ọkà sí inú méjèèjì yí ká, mo gún yìnyín sínú wọn dọ́gba, mo fi koríko bò wọ́n, mo gbé wọn sínú búkà irinṣẹ́ tó kọjú sí àríwá. Mo lu ihò sí ìdí ọ̀kan, mi ò lu èkejì. Nígbà tí mò ń bò ó, mo rántí ìyá tó ń ta áìsì blọ́ọ̀kù ládùúgbò wa, bó ṣe ń fi àpò àti lẹ́búlẹ́bú pákó dì í kí ọjọ́ má baà jẹ ẹ́.

Ọjọ́ 18, oṣù Kejì

Dúrọ́ọ̀mù tí kò níhò ti tán láti ọjọ́ 5. Koríko inú rẹ̀ rin gbindin, mo fún un, omi ń kán. Èyí tó níhò ṣì ní yìnyín tó tó orí ọmọdé lónìí, koríko tó wà lápá òkè rẹ̀ sì gbẹ.

Obìnrin tó ń ka òòbẹ̀ wọ ilé yìnyín láàárọ̀ yìí, kò pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, méjì ló bá. Lónìí, mẹ́fà ló kà, mẹ́rin nínú wọn wà láàrin bíríkì lápá òsì, nítòsí ibi tí a tún ṣe. Mo bi í bóyá omi wà nílẹ̀. Ó ní kò sí, ó ní òun gbọ́ ọ tó ń kán sínú ihò.

Ó ku ìlẹ̀kùn inú, tí kápẹ́ńtà máa fi igi oak ṣe. A ó gbé e wọlé tí oṣù Kẹrin bá dé.